Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Jókòó Yẹ́ Ọ̀gá Sí

Àlàájà tó ni ilé tí mo háyà ní Ìpájà ló bi mí ní ìbéèrè tó gbé mi dé òkè òkun. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, mò ń wo ọkẹ́sírà kan lórí fóònù: ẹgbẹ́ ńlá àwọn olóhun-èlò, àwọn kan ń ta fayolíìnì, àwọn kan ń fun fèrè, gbogbo wọn sì jókòó yí ọkùnrin kan ká. Àlàájà dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó títí.

"Délé, gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ń mú nǹkan dún, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èyí tó dúró níwájú, tó ń fi igi tín-ín-rín gún afẹ́fẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Adarí orin ni, mà. Òun lọ̀gá wọn."

"Ọ̀gá tí kì í dún." Ó mi orí. "Ó dáa o. Àwọn tó ń dún yẹn, kí ni wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ tó bá ti kẹ̀yìn sí wọn?"

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó sì dùn mí, torí bí ohun kan bá wà tí mo rò pé mo mọ̀ dénú ní gbogbo Alímòṣọ́, adarí orin ni. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi. Fídíò ni mo fi kọ́ ara mi. Mo lè pa ohùn fídíò náà, kí n wo ọrùn ọwọ́ adarí nìkan, kí n sì sọ fún yín bóyá mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ka orin náà àbí mẹ́rin-mẹ́rin. Mo mọ àwọn adarí tó máa ń mí sínú kí orin tó bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ á sì bá wọn mí. Mo mọ àwọn tó máa ń gbàgbé láti mí, tí orin wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó kọsẹ̀ níbi àtẹ̀gùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àti fóònù ni gbogbo ìmọ̀ yẹn wà. Ọkẹ́sírà kan ṣoṣo tí mo jókòó sí láyé mi ni ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgàndò, níbi tí mo ti ń ta fayolíìnì kejì. Bọ̀dá Káyọ̀dé ló ń darí wa pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n bó bá ń darí, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo sísá. A kì í sọ ọ́ níwájú rẹ̀. Ibi tí a ti ń dúró de mọ́tò la ti máa ń sọ ọ́.

Nígbà tó yá, bàbá kan tó ń jẹ́ Dieter, ará Jámánì, rí fídíò tí mo gbé síta níbi tí mo ti ń ta fayolíìnì. Ó kọ̀wé sí mi pé ìgbúnwọ́ mi lọ sílẹ̀ jù. Mo dá a lóhùn pé kò lọ sílẹ̀. A bá ọ̀rọ̀ ìgbúnwọ́ jà títí ó fi di ọ̀rẹ́, ó sì ní kí n wá bá ọkẹ́sírà ìlú wọn ta orin kan. Bí mo ṣe rí ìwé ìrìnnà, bí mo ṣe wọ bàálù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò tíì ṣe é, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà á.

Ìkíni kan, ó tán

Ìlú kékeré ni, létí òkun, ní àríwá Jámánì. Òjò wọn kì í rọ̀ bí ọkùnrin. Ńṣe ló máa ń rìn yí èèyàn ká bí ẹni tó ń wá ibi tó máa gbà wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ìkíni wọn. Láàárọ̀, "Móìn." Lọ́sàn-án, "Móìn." Ní ìrọ̀lẹ́, "Móìn." Mo dúró kí wọ́n fi ìyókù kún un. Kò sí ìyókù. Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tó ń jẹun, fún ẹni tó ń dirun, fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan! Ọjọ́ tí mo bi ìyàwó aládùúgbò Dieter bí ó ṣe sùn, bí àwọn ọmọ ṣe jí, àti bí ìdí iṣẹ́ ṣe rí, ó wọlé lọ pe ọkọ rẹ̀, ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá mi sọ. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe dún létí mi.

Dieter ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà, irun orí rẹ̀ ti funfun báláú, síbẹ̀ ọmọ ọmọ aládùúgbò rẹ̀ á dúró lójú pópó, á ké sí i pé, "Dieter!" Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Mo pè é ní Bọ̀dá Dieter. Ó bi mí pé kí ni Bọ̀dá. Mo ní oyè ni fún ẹni tó juni lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti sọ fún gbogbo ọkẹ́sírà pé wọ́n fi òun joyè ní Èkó.

Ní ti oúnjẹ, ìjà wà níbẹ̀. Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́, ó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ lé orí búrẹ́dì, ẹran tútù, pupa rẹ́súrẹ́sú, ó bu àlùbọ́sà lé e.

"Bọ̀dá, níbo la ti máa dín in?"

"Dín kí ni? Ó ti parí," ló wí, ó sì gé e jẹ.

Mo ní ẹ̀sìn mi kò gbà á. Ó rántí pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ fayolíìnì, ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Lọ́jọ́ kejì èmi náà gbé ẹ̀san jáde: mo rẹ gààrí tèmi, mo fi ẹ̀pà sí i, mo bu díẹ̀ fún un. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó dà bí ẹni pé ọkà yìí ti jìyà púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa," ló wí. Ó jẹ ẹ́ tán ṣá.

Oòrùn á yọ fúnra rẹ̀

Bí a ṣe ń lọ síbi ìdánrawò àkọ́kọ́, Dieter là á yé mi. Adarí wọn àtijọ́ ti darúgbó, ó ti lọ sinmi. Wọ́n ti dán àwọn kan wò, wọ́n sì ti dá gbogbo wọn padà. Ó wá kan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lukas. Bí orin ọjọ́ Àìkú bá dára, tí ọkẹ́sírà bá gbà á, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí wọn kò bá gbà á, yóò padà sí ìlú ńlá, yóò máa tẹ dùùrù fún àwọn ọmọdé tó ń kọ́ ijó. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn wà ní yàrá ilé àlejò kan, ẹrù wọn kò tíì tú.

"Ta ló máa pinnu?" ni mo bi í.

"Àwa tí à ń ta á."

Mo dúró lójú ọ̀nà. Ẹ gbọ́ ná: ní Ìgàndò, alága ìjọ ló ń yan adarí orin, Ọlọ́run ló sì ń yọ ọ́.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Dieter mú mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irin kan náà la gbé ìwé orin wa lé. Níwájú gbogbo ẹgbẹ́ fayolíìnì ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Ingrid jókòó sí. Oníṣègùn eyín ni, òun ló sì ń ṣe olórí fún gbogbo àwọn tó ń ta nǹkan olókùn. Bó bá wo èèyàn, èèyàn á kọ́kọ́ pa ẹnu dé.

Lukas wọlé, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dọ́gba. Ó gbé ọ̀pá sókè. Èmi, tí mo ti ń dúró de ọjọ́ yìí láti ọdún pípẹ́, tẹ ojú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù ìkẹyìn. Ingrid bojú wẹ̀yìn.

"Má wò ó báyẹn. Á rò pé o ti sọ nù."

Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó ń wò ó! Gbogbo wọn gbájú mọ́ ìwé. Mo bínú nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé etí ojú ni wọ́n fi ń rí i, bí ìyá ṣe ń rí ọmọ tó ń rákò lọ sídìí iná. Wọ́n rí i nígbà tó mí sínú kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Dieter sì mi orí díẹ̀: ojúàmì kan ti di tirẹ̀. Wọ́n rí i pé ó mọ̀gbà tí obìnrin tó ń fun fèrè nílò èémí, ó sì fún un láyè: ojúàmì míràn. Kò sí ìkankan nínú èyí tí mo rí nínú fídíò rí.

Ó wá dá orin dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ibi tí a ta tán yìí, kí a rò ó bí òwúrọ̀ lẹ́bàá òkun, kí a rí bí oòrùn ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹyẹ àkọ́kọ́ ṣe ń na ìyẹ́. Ọkùnrin kan lẹ́yìn tó ń fun ìwo ṣí ìwé ìròyìn, ó ń kà á.

Dieter sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Kó sọ fún mi: kí n yára àbí kí n fà, kó dún àbí kó rọlẹ̀. Oòrùn á yọ fúnra rẹ̀."

Gbogbo ìlà kejì rẹ́rìn-ín abẹ́ àgbọ̀n. Ojúàmì méjèèjì ti lọ.

Ohun tó tẹ̀lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ da orí mi rú. A tún ibẹ̀ ta, mo sì gbọ́ ohùn kan tó ṣìnà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ṣìnà gan-an. Mo wo Dieter. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ta á ni! Àṣà wọn nìyẹn: wọ́n á ju ohùn burúkú kan sáàárín ohùn rere, láti mọ̀ bóyá etí adarí ń ṣiṣẹ́ àbí ó kàn wà fún ẹwà. Bí ohùn bá ṣì nínú agbo òyìnbó, tí ẹnìkan ṣoṣo níbẹ̀ sì ti Ìpájà wá, ta ni ẹ rò pé wọ́n máa wò?

Lukas rọra sọ ọ̀pá kalẹ̀. Ó wo ọ̀dọ̀ wa.

"Kì í ṣe àlejò wa," ló wí. "Dieter, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi ẹ̀bùn yẹn pa mọ́ títí di ọjọ́ ìbí mi."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin oníwo pa ìwé ìròyìn rẹ̀ dé.

Ẹni tó sọ pé òun ni

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ yẹn ló mú wọn o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, olórin kì í fi ẹ̀rín sanwó. Ohun tó mú wọn ṣẹlẹ̀ níbi ìdánrawò tó kẹ́yìn. Ibì kan wà nínú orin náà tí kíkà rẹ̀ yí padà lójijì, láti orí mẹ́rin sí orí mẹ́ta. Lukas fi ọwọ́ kẹrin sọlẹ̀ níbi tí kò ti sí ìkẹrin. Ohun gbogbo dàrú: ìwo lọ sí Ìkòtún, fèrè lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá.

Mo mọ ohun tó kàn. Bọ̀dá Káyọ̀dé, tó bá ṣe irú èyí, á fi ọ̀pá na afẹ́fẹ́, á kígbe mọ́ àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ̀yin áálítò! Ẹ ò wò mí!" Ó ti kígbe mọ́ áálítò rí níbi orin tí kò sí áálítò nínú rẹ̀.

Lukas fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. "Èmi ni," ló wí. "Ẹ̀yin ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ ká padà."

Ingrid fi orí ọrun fayolíìnì rẹ̀ gbá irin ìwé orin, jẹ́ẹ́jẹ́, kó, kó. Mo rò pé ó ń pe àwọn èèyàn sí ìdákẹ́jẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn onífèrè tó ń ha ilẹ̀ lábẹ́ àga.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?" ni mo bi Dieter.

"Ọwọ́ wọn kò ṣófo láti pàtẹ́wọ́," ló wí. "Ìyìn nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, mi ò tíì rí i kí Ingrid gbá irin yẹn lẹ́ẹ̀mejì."

Òfin ìjókòó

Kí a tó jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n mu kọfí, wọ́n jẹ kéèkì, nítorí òyìnbó ibẹ̀ lè fi orin sílẹ̀ láìparí, ṣùgbọ́n kò lè fi kéèkì sílẹ̀. Ingrid pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Délé, o gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń dìbò. Lẹ́yìn orin ìkẹyìn, adarí á na ọwọ́ sí wa pé ká dìde, ká jọ gba àtẹ́wọ́. Bí a kò bá fẹ́ ẹ, a ó dìde. Ọ̀wọ̀ lásán nìyẹn, ó dàbọ̀. Bí a bá fẹ́ ẹ, a ó jókòó. A ó jẹ́ kó dá àtẹ́wọ́ gbà, pé tirẹ̀ ni. Gbogbo wa ló gbọ́dọ̀ jókòó. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá dìde, kò wọlé."

"Lukas mọ̀?"

"Gbogbo ìlú mọ̀. Ìdí ẹ̀ tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ gan-an, mà."

"Jókòó nígbà náà."

Ohun kékeré! Ta ni kò mọ ìjókòó?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mo rí ìyàwó Lukas ní ìlà iwájú, ọmọ wọn sùn sí i lẹ́jìká. N kò ní sọ fún yín bí orin náà ṣe dún, nítorí pé èmi tí mo wà nínú rẹ̀, mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ. Ẹni tó wà nínú odò kì í rí odò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé níbi tí kíkà ti yí padà yẹn, ọwọ́ Lukas lọ bí òwú nínú abẹ́rẹ́, a sì bá a kọjá.

Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Lukas tẹrí ba. Ó yíjú sí wa, ó na ọwọ́ méjèèjì pé ká dìde.

Kò sẹ́ni tó mira. Ingrid gbé fayolíìnì lé itan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Àwọn èrò ìwòran rí i, ariwo ayọ̀ sọ. Ojú Lukas pọ́n. Ó tún na ọwọ́. A jókòó. Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì di àga mú nísàlẹ̀.

Ó wá ku èmi. Bóyá nítorí pé àlejò ni mí, bóyá nítorí pé ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn jù, Lukas wo ojú mi, ó na ọwọ́ kan ṣoṣo sí mi, àtẹ́lẹwọ́ lókè, ó tẹrí ba díẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ọ̀gá dúró níwájú yín, ó na ọwọ́ sí yín, ó tẹrí ba, ẹ wá jókòó? Ta ló bí yín? Kí n tó ronú, orúnkún mi ti nà. Dieter fi ọrun fayolíìnì rẹ̀ fà mí ní kóòtù, ó ti pẹ́. Èmi nìkan ni mo dúró gangan láàárín gbogbo ọkẹ́sírà bí òpó iná. Àtẹ́wọ́ rẹlẹ̀. Ọwọ́ Lukas ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì rí i tó wo ìlà iwájú, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti pa ojú dé.

Ẹjọ́ mi

Yàrá kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n to kéèkì sí. Lukas dúró síta pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, torí àṣà ni pé kí adarí dúró títí wọ́n á fi pè é. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ gbóná.

"Òfin ni òfin," ni ọkùnrin oníwo wí. "Ẹnìkan dìde."

"Àlejò ni!" Dieter ló ké bẹ́ẹ̀.

"Ó jókòó lórí àga wa, ó jẹ kéèkì wa," ni Ingrid dáhùn. "Àga ló ń dìbò, kì í ṣe ìwé ìrìnnà. Délé, o sọ fún mi pé o fẹ́ ẹ."

"Mo fẹ́ ẹ, mà. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn."

Gbogbo wọn wò mí. Mo wá rò ó fún wọn. Mo sọ bí Bọ̀dá Káyọ̀dé ṣe kígbe mọ́ áálítò níṣojú àwọn àlejò lọ́jọ́ kan, àti ohun tí wọ́n fi san án lọ́jọ́ ìsìn tó tẹ̀lé e. Ó na ọwọ́ pé kí akọrin dìde. Sópúránò dìde, téénọ̀ dìde, báàsì dìde. Áálítò jókòó bí àpò ìrẹsì, Màmá Ṣadé ń fi ìwé orin fẹ́ra. Ó tún na ọwọ́. Màmá Ṣadé ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn wá, Bọ̀dá. Ẹ máa kọ ọ́ lọ jàre." Gbogbo ìjọ rí i. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló lọ bẹ̀ wọ́n nílé.

"Níbi tí mo ti wá," ni mo wí, "ẹni tí a kò fẹ́ la ń jókòó fún. Ẹni tí a bá fẹ́, kó tó na ọwọ́ tán, a ti dìde."

Ingrid rò ó díẹ̀. "Bí a bá wá kórìíra Lukas, tí gbogbo wa dìde láti lé e?"

"Èmi nìkan ni ì bá jókòó, mà. Èmi náà ì bá lé e bí a ṣe ń lé wọn nílé."

Ọkùnrin oníwo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ó túmọ̀ sí pé ní Ìgàndò, gbogbo àwa tó kù ti lé e lọ."

"Ẹ ti lé e pátápátá, sà. Ó ti ń kó ẹrù."

Ẹ̀rín gba yàrá kan. Ingrid gbá tábìlì, kó, kó. "Ó dìbò fún un, ní èdè tirẹ̀. Mo kà á. Ẹ pe ọmọkùnrin náà wọlé."

Lukas ṣí ilẹ̀kùn. Dieter, tí kò lè rí ẹ̀fẹ̀ kó fi í sílẹ̀, wò mí, ó ṣẹ́jú, ó sì dìde dúró. Oníwo dìde. Onífèrè dìde. Lójú kan, gbogbo yàrá ti wà lórí ìdúró fún un, bí a ṣe ń ṣe é ní Ìgàndò, inú mi sì dùn dé èékánná. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ojú Lukas. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Àwa ti gbàgbé pé òun kò sí nínú yàrá nígbà tí mo ń rojọ́. Òfin ìjókòó tibẹ̀ nìkan ló mọ̀.

"Ó yé mi," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ náà dùn mọ́ mi." Ó yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Níbo lò ń lọ?" ni Ingrid bi í.

Òun nìkan ni kò dìde. Ó jókòó sídìí tábìlì, ọ̀bẹ kéèkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gé e.

"Àwọn wọ̀nyí ti gbà ọ́ ní Ìgàndò," ló wí. "Èmi ló kù láti gbà ọ́ níbí, mo sì ti jókòó. Lọ pe ìyàwó ẹ wọlé, kọfí ń tutù."